Òpó Orí Sàárè

Ilé kì í wó lójijì. Ọ̀rọ̀ tí Àsmá'ù kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu Wándé Oyèkúnlé nìyẹn, kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀ rárá, kí ó tó mọ̀ pé ẹnu kan náà ni yóò máa pe òun ní àyànfẹ́. Ká ní ó mọ ohun tí gbólóhùn náà yóò fà wọ agboolé bàbá rẹ̀ ni, bóyá ì bá ti gbé báàgì rẹ̀ kí ó máa lọ sílé láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ṣùgbọ́n ta ní í rí ẹ̀yìnkùlé ìfẹ́ kí ó tó gba ojúlé wọlé?

Olùkọ́ ìṣirò ni Àsmá'ù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí Akanran. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí tàgbà tèwe ń pè ní Tíṣà Lazarus, ló ronú pé ojú àwọn ọmọ oko ò là tó. Bí o bá bi wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́la, dókítà ni, lọ́yà ni, àfi bíi pé dókítà àti lọ́yà ló kọ́ gbogbo ilé tó wà láyé. Ó wá lọ bẹ ẹnjiníà kan ní Ìbàdàn pé kí ó máa wá ní Sátidé, kí ó máa fi iṣẹ́ ilé yíyà, ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ ẹnjiníà han àwọn ọmọ kíláàsì àgbà, kí ó sì máa tọ́ wọn sọ́nà títí wọn yóò fi wọ yunifásítì. Ó ní kí Àsmá'ù máa jókòó tì wọ́n kí wọ́n má baà sọ kíláàsì dọjà.

Wándé dé, ó gbé akoto aláwọ̀ ìyeyè há abíyá, ó sì ga débi pé ó ní láti tẹ orí kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Ó kó gbogbo wọn lọ sẹ́yìn kíláàsì, níbi tí ògiri ti sán láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀. Ó po ẹfun pí-ó-pí, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, nínú agolo mílíìkì, ó sì lẹ díẹ̀ mọ́ ojú ibi tó sán náà bí ẹni fi aṣọ di egbò.

"Ilé kì í wó lójijì," ni ó wí. "Ó máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó wó, àwa la kì í gbọ́. Bí ẹ bá padà wá tí ẹ bá ẹfun yìí bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé ògiri ti sinmi. Bí ẹ bá bá a tó ti sán sí méjì, ògiri ṣì ń rìn nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ló ń rìn lọ?"

Mùjíbátù ló béèrè, àbúrò Àsmá'ù, tí ọ̀rọ̀ kì í dùn mọ́ láì jẹ́ pé ó bi í léèrè. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Wándé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ ló ń lọ," ni ó dá a lóhùn. "Gbogbo ilé, ilẹ̀ ló fẹ́ padà sí. Iṣẹ́ wa ni kí a má jẹ́ kí ó lọ. Kí lorúkọ rẹ? Ìwọ yóò ṣe ẹnjiníà, Mùjíbátù."

Ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹni gbé oyin mì. Nígbà tí kíláàsì parí, Àsmá'ù bu omi sínú ike, ó bá Wándé lẹ́bàá ẹ̀rọ omi.

"Ẹ má fi ẹnjiníà kó sí ọmọ yẹn lórí o. Bàbá wa ní obìnrin kì í gun àkàbà."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ̀yin sọ?"

"Èmi? Mo ní kí ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹfun ti kún un."

Ó da omi sí i lọ́wọ́. Omi tán, wọn ò tètè kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Sátidé wá di ọjọ́ tí Àsmá'ù ń fojú sọ́nà fún láti ọjọ́ Ajé, tí ó ń lọ aṣọ sílẹ̀ dè, tí ìyá rẹ̀ ń wò ó. Wándé kó àwọn ọmọ lọ wọn gọ́tà ojú títì, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń yàwòrán ilé wá bá wọn sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n di irin òpó fúnra wọn. Ọmọ tó ní òun ò mọ ìṣirò tẹ́lẹ̀ wá ń bá Àsmá'ù jà lórí ìṣirò. Ní Sátidé kan, ó fi okùn àti èèkàn ya odindi ilé sórí pápá, pálọ̀, yàrá, ilé ìdáná, ó ní kí àwọn ọmọ máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kí wọ́n mọ bí àyè ṣe ń rí lára. Nígbà tí wọ́n ti lọ mu omi, òun àti Àsmá'ù nìkan ló kù nínú ilé aláìnígiri náà.

"Ta ni yóò máa gbé yàrá yìí?" ni ó bi í.

"Ilé ta ni?"

"Tèmi ni. Àwa méjèèjì ni, bí o bá gbà."

Àsmá'ù wo okùn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé ẹ̀rù bà á. "Ẹni tó bá lè bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ni yóò gbé inú rẹ̀," ni ó wí.

Bàbá tí à ń wí yìí, Alhaji Mùnírù, kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń kàn sọ̀rọ̀ bá lásán. Àgbẹ̀ ni, oníṣòwò gàrí ni, ó sì ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Abà Jagun, lójú ilé amọ̀ tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀; òun àti ẹbí rẹ̀ ti ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tíṣà Lazarus fúnra rẹ̀ ló ṣe alárinà. Ó wọ agbádá, ó lọ kí i.

"Tíṣà," ni Alhaji wí nígbà tó gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, "ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi lẹ wá ń ṣe alárinà fún ọmọ Áńgílíkà nílé Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ yìí ò wá pọ̀ jù?"

"Alhaji, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó wà ní Ìjàyè ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ wọn?"

"Ó fẹ́ wọn, wọ́n sì ń kírun títí dòní olónìí."

"Ẹ ò wá rí i?"

Alhaji fa irùngbọ̀n rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì lé e jáde. Lọ́dọ̀ ẹbí Wándé náà, ní Ọlọ́runṣògo n'Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá gbogbo ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ àwọn ló ti kú tán. Wándé dọ̀bálẹ̀, kò dìde títí ìyá fi ní kí ó dìde, kí ó má baà ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́. A mọ̀ pé ìyá tó bá ti ń ronú nípa ṣòkòtò ti fẹ́ gbà díẹ̀.

Nígbà tó yá, Alhaji ránṣẹ́. Ó ní kí ẹnjiníà wá wo ilé òun. Bí ó bá mọyì ilé, a jẹ́ pé yóò mọyì ọmọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Wándé lọ. Alhaji mú un yí ilé ká, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbá búlọ́ọ̀kù bí ẹni tó ń gbá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó mú un gun òkè, ó fi dẹ́kì, òkè kọnkéré tó tẹ́ rẹrẹ, hàn án, àti táǹkì omi ńlá tó gbé kà á. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé iwájú ilé, níbi tí òpó igun kan dúró sí, òpó tó nípọn ju àwọn yòókù lọ, tó gbé apá kan òkè rù.

"Ibí yìí gan-an ni bàbá mi sùn sí," ni Alhaji wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "A sin wọ́n síwájú ilé wọn bí wọ́n ṣe fẹ́. Àwọn bíríkìlà ní àwọn fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ fún ìpìlẹ̀ òpó. Mo ní ta ni yóò fi ọkọ́ kan bàbá mi? Mo ní kí wọ́n da kọnkéré sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé òpó kà á. Bàbá mi ló gbé ilé yìí ró."

Wándé wo ẹsẹ̀ òpó. Ó wo ògiri tó kángun sí i. Ìlà kan wà níbẹ̀, tínrín bí irun orí, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó gùn lọ sójú fèrèsé yàrá ìyá Àsmá'ù. Ó la ẹnu.

Àsmá'ù dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó gbé àwo omi dání. Ó rí i pé Wándé ti rí i. Ó mi orí fún un, lẹ́ẹ̀kan péré, díẹ̀díẹ̀.

Wándé pa ẹnu dé. "Ilé tó lẹ́wà ni, Bàbá," ni ó wí.

Alhaji rẹ́rìn-ín ńlá. Ó ní òun ò kọ̀ ọ́ mọ́, bí kò bá ti ní dí ọmọ òun lọ́wọ́ ìrun. Ó ní orí dẹ́kì yìí gan-an ni ìdána yóò ti wáyé, kí òun fi ìgbéyàwó ọmọ òun ṣí ilé òun lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí inú ẹ̀ ń dùn kì í wo ilẹ̀.

Àsmá'ù sìn ín dé ojú títì. Wọ́n rìn lọ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí o mi orí fún mi?"

"Mo mọ bàbá mi. Bí o bá bú ilé yẹn, bàbá tó bí i lo bú."

"Àsmá'ù, òpó yẹn ò lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ sàárè kì í le bí ilẹ̀ mìíràn. Ó máa ń jìn lọ sísàlẹ̀, pàápàá bí omi òrùlé bá ń da sí i."

"Jẹ́ ká ṣe ìdána ná. Bí o bá ti di ọmọ ilé, á gbọ́ tìẹ. Nísinsìnyí, àlejò ni ẹ́. Wándé, mo bẹ̀ ọ́."

Wándé na ọwọ́ dá ọkọ̀ Ìbàdàn dúró. "Ó dáa," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ògiri ti di odi nítorí obìnrin. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí èyí tó sọ ọ́ jáde.

Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kùn yàrá ìyá Àsmá'ù bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìyá ní igi ló wú, ó ní kí wọ́n pe káfíńtà kí ó fá a. Káfíńtà fá a. Kò pẹ́, ó tún há. Àsmá'ù á fi èjìká tì í wọlé.

Láàárín àkókò yìí, ẹ̀kọ́ Wándé ti tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Àwọn ọmọ ti lẹ ẹfun mọ́ ògiri ká gbogbo Abà Jagun, ilé ìyá àgbà, ilé ẹran, àní ògiri mọ́ṣáláṣí. Àwọn àgbà ń wo ohun funfun náà, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ béèrè ohun tí ó jẹ́, kí wọ́n má baà sọ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mùjíbátù fa aṣọ Àsmá'ù, ó mú un lọ sẹ́bàá òpó orí sàárè. Ẹfun tó lẹ̀ síbẹ̀ ti sán sí méjì.

"Èkejì nìyí, Àǹtí mi. Èyí àkọ́kọ́ pẹ́ kí ó tó sán. Èyí ò pẹ́ rárá."

Àsmá'ù wọ ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ, ó sì fá ẹfun náà kúrò títí ògiri fi mọ́.

"Bàbá ò gbọdọ̀ rí i," ni ó wí.

"Ṣé nítorí ìgbéyàwó yín ni?"

Ó ń fi ìka nu ojú ibi tí ó fá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. "Lọ kàwé rẹ, Mùjíbátù." Ọmọ náà lọ. Ojú tì Àsmá'ù lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìtìjú tí kò ní irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ Wándé ju bí ó ṣe rò pé ènìyàn lè fẹ́ ènìyàn lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohun tí ó ń fi san fún un.

Ọjọ́ ìdána pé. Oòrùn yọ, òjò ti rọ̀ lánàá, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Wọ́n to àga kún orí dẹ́kì, ẹbí ọkọ lápá kan, ẹbí ìyàwó lápá kejì, wọ́n sì pọn omi kún táǹkì dé ẹnu kí àlejò lè ṣe àlùwàlá. Àsmá'ù wà nísàlẹ̀ nínú yàrá ìyá rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo orí rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n pè é bí àṣà ìyàwó. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lórí rẹ̀, wọ́n ń rìn, wọ́n ń jó, wọ́n ń fa àga.

Wọ́n pè é. Àwọn obìnrin tó yí i ká fa ìlẹ̀kùn, kò ṣí. Wọ́n fà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé ò fẹ́ kí ọmọ lọ. Àsmá'ù kò rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan ń bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ó sì nà án síta wò. Eruku sìmẹ́ǹtì ni. Ó wo òkè, ó rí i pé ìlà tó tínrín bí irun ti wọnú yàrá wá, ìka ọwọ́ sì lè wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn gbà, kò gun àtẹ̀gùn. Ó gba iwájú ilé jáde, ó dúró sójú títì nínú oòrùn, ó ká aṣọ kúrò lójú, ohun tí ìyàwó kì í ṣe.

"Bàbá mi," ni ó pè. Ilù dákẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbogbo ènìyàn kalẹ̀. Ilé yìí ò dáa. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí fún ọkọ, ẹ fi mí fún un nílẹ̀."

Alhaji yọjú láti òkè, ojú rẹ̀ dúdú. "Kí lo wí?"

Wándé dìde lórí àga rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀, ó rọra tú ọwọ́ náà. "Òótọ́ ló sọ, Bàbá. Òpó igun yẹn ò lẹ́sẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ mú mi yí ilé ká. Mo dákẹ́ nítorí mo fẹ́ ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà máa sọ̀kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má sáré."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan gbé àga wọn, àwọn kan gbé oúnjẹ. Gbogbo wọn dúró sójú títì, wọ́n kọjú sí ilé, wọ́n ń retí. Ewúrẹ́ kan gba abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọjá, ó sì jáde lódìkejì ní àlàáfíà. Ilé ò mì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí ẹ̀rín fi kún ojú títì.

Àlejò ò rí bàbá ìyàwó tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Alhaji béèrè, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ sókè: "Ta ló ń lẹ ẹfun mọ́ òpó mi? Mo rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ fá a."

"Èmi ni, Bàbá," ni Mùjíbátù wí. "Ẹnjiníà ló kọ́ wa."

"Mo ti gbọ́. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Mo mọ aláǹgbá mi lónìí. Ó fi ẹfun pe ibi wá bá ilé bàbá mi, ó tún kọ́ ọmọ mi méjèèjì mọ́ ọn." Ó rìn lọ sídìí òpó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Oyèkúnlé, gbọ́. Mo fi bàbá mi tó sùn síbí búra. Àfi ọjọ́ tí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí bá wá sílẹ̀ ni n óò tó fa Àsmá'ù lé ọ lọ́wọ́. Lọ máa retí rẹ̀."

Ìyá Wándé tún gèlè rẹ̀ wé. "Mo sọ fún ọ," ni gbogbo ohun tí ó wí, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti burú. Àwọn òbí fi ọ̀bẹ fá ẹfun kúrò lára ilé wọn, wọ́n ní kí ọmọ àwọn má lọ sí kíláàsì Sátidé mọ́. Tíṣà Lazarus ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ tó ti ń ya ilé sí inú iyẹ̀pẹ̀ padà sídìí gàrí, Mùjíbátù náà sì di ẹni tí bàbá ń ṣọ́. Fóònù nìkan ni Àsmá'ù fi ń gbọ́ ohùn Wándé, lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ènìyàn rí, ẹ wo irú ìbúra tí bàbá kan ṣe. Inú ilé náà ni Àsmá'ù ń sùn, àti ìyá rẹ̀, àti àbúrò rẹ̀, àti bàbá náà. Bí òjò bá ṣú, àyà rẹ̀ á já. Á na etí sí ògiri. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìbẹ̀rù náà, ohun mìíràn wà tó ń wí pé, bóyá òní ni. Ó kórìíra ohùn yẹn bí ó ṣe kórìíra ikú.

"Mo máa ń gbàdúrà kó má wó," ni ó sọ fún Wándé lórí fóònù. "Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mi ò mọ èyí tí ọkàn mi ń gbà."

"Èmi náà," ni Wándé wí. "Ẹ̀rù ara mi ń bà mí, Àsmá'ù. Mo ní láti wá."

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé Wándé wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, igi ńláńlá àti ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gbé dẹ́kì dúró ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì Sátidé rí ọkọ̀ náà lójú títì, wọ́n tẹ̀ lé e láì bi òbí. Ó na okùn kan jìnnà sí ilé, ó ní ọmọ kankan ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Kí wọ́n kàn gbé igi dé ibẹ̀, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ òun ni yóò wọ abẹ́ ilé. Alhaji ti oko dé, ó bá igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe nílé mi?"

"Mo wá fi igi ti òkè ilé yín, Bàbá, kó má baà wá sílẹ̀." Wándé dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé o gbàgbé ohun tí mo búra ni?"

"Mi ò gbàgbé."

"O wá fi ọwọ́ ara rẹ gbé ilé dúró kó o má baà rí ìyàwó fẹ́?"

"Ìyá Àsmá'ù ń sùn nínú rẹ̀. Ìyàwó tí mo máa gbà lórí òkú, mi ò fẹ́ ẹ, Bàbá."

Alhaji yà kúrò lọ́nà fún igi. Ó fa bẹ́ǹṣì kan lọ sẹ́bàá okùn, ó jókòó. Mùjíbátù dúró sápá ọ̀tún rẹ̀ lẹ́yìn okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í: ìdí tí igi fi ń dúró lórí pákó, ìdí tí wọ́n fi ń fi méjì dábùú ara wọn, ibi tí ẹrù òkè ń gbà sọ̀kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò wò ó, kò sì ní kí ó dákẹ́. Àsmá'ù rí i láti ẹnu ọ̀nà pé bàbá rẹ̀ ń fi ojú tẹ̀ lé igi kọ̀ọ̀kan.

Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà, bí Alhaji bá ti kírun tán, iwájú òpó ni yóò lọ jókòó sí. Oúnjẹ rẹ̀ á tutù. Ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan bóyá ara rẹ̀ ò yá.

"Ọmọ yẹn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ mi kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ilé má baà wó pa wá," ni ó wí. "Mo ti fi bàbá mi búra. Ìbúra ò ṣeé gbé mì." Ó dìde. "Ẹ kó ẹrù yín lọ sílé àbúrò mi."

Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà Lazarus, ó ní kí wọ́n pe Oyèkúnlé àti ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn bíríkìlà pẹ̀lú òòlù. Nígbà tí gbogbo wọn pé, ó na ọ̀pá sí òkè ilé tí ó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ lá àlá rẹ̀.

"Ẹ mú un wá sílẹ̀," ni ó wí. "Láti òkè. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnjiníà bá ní kí ẹ ṣe."

Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Wọ́n da omi táǹkì nù, wọ́n fọ́ dẹ́kì díẹ̀díẹ̀, Alhaji kò sì kúrò lójú títì. Ìyá Wándé náà wá jókòó tì í ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó gbé omi fún un mu, òun tó ní òun ò ní tún tẹ Abà Jagun mọ́. Nígbà tí òkè ti tán, òpó igun àti bíìmù, ọ̀pá kọnkéré orí rẹ̀ tí igi ṣì ń tì ró, nìkan ló kù. Wọ́n gé orí òpó kúrò lára bíìmù, wọ́n fi okùn fà á, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́jẹ́, bí eyín ọmọdé tí ó ti ń mì tipẹ́.

Gbogbo wọn sún mọ́ ibi tí ó ti ṣubú. Ilẹ̀ tó yẹ kí ó wà lábẹ́ òpó náà ti lọ. Ihò ló wà níbẹ̀, dúdú, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò. Òpó ò dúró lórí ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Ara bíìmù tó yẹ kí ó gbé ló rọ̀ mọ́.

Alhaji kúnlẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú ihò náà, ọwọ́ wọlé dé ìgúnpá, kò kan nǹkan kan. Ó wà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń rántí àga tí wọ́n jókòó lé lọ́jọ́ ìdána, ilù tí wọ́n lù, omi tí wọ́n pọn kún táǹkì dé ẹnu. Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Afẹ́fẹ́ ni mo gbé ọmọ mi jókòó lé," ni Alhaji wí.

Ó dìde. Kò nu ọwọ́. Ó mú ọwọ́ Àsmá'ù, ó fà á lọ síwájú Wándé, ó fi ọwọ́ náà lé ọwọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ sàárè bàbá rẹ̀ sì wà lára ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Òkè ti wá sílẹ̀," ni ó wí. "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Kọ́ ilé fún un níbi tí ilẹ̀ bá ti le. Mùjíbátù, ní Sátidé, kó àwọn ọmọ yẹn padà wá, kí wọ́n wá wo ihò yìí."

Ohun tí Àsmá'ù ti ń tọrọ láti ìgbà ilé olókùn nìyí, ó dé ọwọ́ rẹ̀, ó gbóná. Ó di ọwọ́ Wándé mú pinpin. Ayọ̀ ń bọ̀, ó mọ̀ pé ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lè gbé ojú kúrò lára ihò náà. Ilẹ̀ ṣì ń ya wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.